ỌSÀN Ẹ̀YÌN ILÉ-KÉÚ WA KÚ: ṢÉ KÁDÀRÁ NI?

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́dún yìí bẹ̀rẹ̀ láti ibi wòlímọ̀ tí a ṣe kẹ́yìn. Ẹ rántí pé àlejò pọ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ó tó àkókò láti fún wọn ní ìpanu, àgbọn àti ọsàn ni a gbé sórí tábìlì. Bàbá àgbàlagbà kan láàrin àwọn àlejò mú ọsàn kan, ó yí i wò, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọsàn Ùgbò rèé!" A kò lè dá bàbá lóhùn. Ọjà Igbókọ̀dá ni a ti ra ọsàn náà, ọkọ̀ ojú omi ni ó gbé e wá sí Òde Ùgbò, ẹni tí ó tà á fún wa sì sọ pé láti ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ ni òun ti kó o. Igi ọsàn tí ó wà ní ẹ̀yìn ilé-kéú wa, èyí tí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde máa ń gùn nígbà tí ààfáà bá rẹjú lọ́sàn-án (ẹ má sẹ́, a mọ̀ yín), ti kú.

Bí igi náà ṣe kú ni ó yẹ kí a sọ, nítorí kò kú lójijì. Etí ewé rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ gbẹ, bí ìgbà tí iná bá lá a. Lẹ́yìn náà ni ewé bẹ̀rẹ̀ sí í já ní ìgbà tí kì í ṣe ìgbà ọyẹ́. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ó tanná dáadáa, inú wa dùn, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ọsàn náà já bọ́ nígbà tí wọn kò tíì tóbi ju èkùrọ́ lọ. Nígbà tí yóò fi di ọdún kẹta, ẹ̀ka ti di igi ìdáná. Oníkálùkù ni ó ní ohun tí ó sọ sí i. Àwọn kan ní ayé ló ṣe é. Àwọn kan ní igi náà ti gbó, bẹ́ẹ̀ àwọn tí ó gbìn ín ṣì wà láàyè, wọn kò sì tíì máa fi ọ̀pá rìn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó pọ̀ jù lẹ́nu àwa músùlùmí ni pé kádàrá ni, àmúwá Ọlọ́hun, a sì lọ jókòó.

Ìjókòó yẹn gan-an ni a bá wí. A kò sọ pé kò sí kádàrá. Ìgbàgbọ́ nínú kádàrá, rere rẹ̀ àti búburú rẹ̀, wà nínú òpó ìgbàgbọ́ mẹ́fà tí ọmọ kékeré ilé-kéú ń kà lórí. Ṣùgbọ́n Ànábì kan náà tí ó kọ́ wa ní kádàrá ni ó sọ fún ẹni tí ó fẹ́ fi ràkúnmí sílẹ̀ láìso pé kí ó so ó ná, kí ó tó gbára lé Ọlọ́hun. Bí ibà bá mú ọmọ wa, a kì í jókòó tì í pé kádàrá ni. À ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọn yóò sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí wọ́n lè mọ ohun tí ó ń ṣe é. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò yẹ omi tí igi ọsàn wa ń mu wò?

Àwa yẹ̀ ẹ́ wò nígbẹ̀yìn, a kò sì lo ẹ̀rọ kankan. Omi kànga tí ó wà nítòsí ìdí igi náà ni a bù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a sè é nínú ìkòkò tí a fọ̀ mọ́ títí ó fi gbẹ. Ohun funfun kan kù sí ìdí ìkòkò. Àwọn ọmọ kíláàsì kejì fi ahọ́n tọ́ ọ wò, kò sì sí ẹni tí ó ní kí a sọ orúkọ rẹ̀ fún òun. Nígbà tí òjò rọ̀ dáadáa, a tún bu ìwọ̀n omi kan náà láti inú kànga náà, a sè é bákan náà, ohun tí ó kù kéré púpọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Iyọ̀ òkun ni. Nígbà òjò, omi dídùn tí ń bọ̀ láti òkè á tì í padà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí odò bá fà, á tún gba abẹ́ ilẹ̀ àti ojú odò wọlé tọ̀ wá wá.

Nínú lítà omi òkun kan, iyọ̀ tí ó wà níbẹ̀ tó gíráàmù 35. Igi ọsàn kò dúró de ìyẹn kí ó tó ṣàìsàn. Bí iyọ̀ inú lítà omi tí gbòǹgbò rẹ̀ ń mu bá ti tó gíráàmù kan sí méjì, ìyà ti ń jẹ ẹ́. Ohun tí ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà fi ara pamọ́ fún wa nìyí: omi tí ènìyàn ṣì ń mu, tí ìyá ilé kàn ń sọ pé "omi yìí rí bákan lẹ́nu mi lónìí," ti lè máa pa ọsàn lára. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà kì í fara da iyọ̀. Ìbẹ́pẹ ní tirẹ̀ kò fẹ́ kí omi dá sí ìdí òun rárá, ìbáà jẹ́ omi òjò. Máńgòrò sàn díẹ̀. Igi ògùrọ̀, tí ó jẹ́ pé irà omi dídùn ni ilé rẹ̀, kì í pẹ́ kú bí iyọ̀ bá wọ irà náà. A kò ní ṣọ̀fọ̀ ẹmu rẹ̀ nínú ìwé ilé-kéú, ṣùgbọ́n ọ̀pá rẹ̀ ni àwọn bàbá wa fi kọ́lé, ewé rẹ̀ ni wọ́n fi bo orí ilé, ikú rẹ̀ sì dùn wá.

Àgbọn ni akọni láàrin wọn. Ó lè fi ẹsẹ̀ kan sí etí òkun kí ó sì máa so. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò pé níwọ̀n ìgbà tí àgbọn bá ṣì dúró, kò tíì sí nǹkan kan. Ẹ̀tàn ni. Èso àgbọn tí a ká lónìí, ó ti tó bí ọdún kan tí òdòdó rẹ̀ ti là, nítorí náà ìyà tí ó jẹ igi náà lónìí, èso tí ń bọ̀ ni yóò fi hàn. Kì í sì í ṣe gbogbo ìyà ni ó lè fara dà. Bí òkun bá hú ilẹ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀, yóò wó. Bí omi oníyọ̀ bá dá gúdú sí ìdí rẹ̀, tí kò lọ tí kò bọ̀, yóò rù títí yóò fi kú lórí ìdúró.

Ẹ óò bi wá pé, ṣebí òkun ti wà níbí kí a tó bí àwọn baba ńlá wa, kí ló wá dé nísinsìnyí? Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Ayé ń gbóná. Èéfín epo rọ̀bì, èédú àti gáàsì tí àwọn ènìyàn ti ń sun láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti dé ni ó bo ojú sánmà bí aṣọ, tí ooru kò fi rí ibi jáde. Ọdún 2024 gbóná ju gbogbo ọdún tí ó ṣáájú rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ lọ. Bí omi bá sì gbóná, ó máa ń wú. Ìyá tí ó bá bu omi kún ìkòkò dẹ́nu mọ̀ pé yóò ru síta kí ó tó hó. Òkun náà ń wú, òkìtì yìnyín ilẹ̀ òtútù sì ń yọ́ sínú rẹ̀. Láàrin 1901 sí 2018, ojú òkun gòkè ní ìwọ̀n bíi sẹ̀ǹtímítà 20 káàkiri ayé. Ẹni tí ń gbé orí òkè Ìdànrè lè fi ìyẹn rẹ́rìn-ín. Àwa tí ilẹ̀ wa kò ga ju omi lọ púpọ̀, tí a ń kọ́lé sórí òpó, a kò lè rẹ́rìn-ín.

Etíkun tiwa tún ní wàhálà tirẹ̀. Láti apá Ayétòrò lọ sí ìhà ìlà-oòrùn, ẹrẹ̀ ni etíkun Ìlàjẹ, kì í ṣe iyanrìn bí ti Èkó. Òkun ń fọ ẹrẹ̀ lọ kíákíá, kì í sì í dá a padà. Ayétòrò tí àwọn ará wa ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì tẹ̀dó ní 1947, tí òkìkí rẹ̀ kàn dé òkè òkun nígbà kan, òkun ti gba ilé, ó ti gba ilé ẹ̀kọ́, kò sì dá ibojì àwọn òkú sí. Ní 2004 ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ dídá òkun dúró níbẹ̀ fún agbaṣẹ́ṣe, ṣùgbọ́n òkun kò ka ìwé àdéhùn. Ní ìhà Awóyè, ọ̀nà omi tí wọ́n gbẹ́ fún iṣẹ́ epo ni ó la ilẹ̀kùn fún òkun wọ inú igbó irà. Igbó tí omi dídùn ń bọ́ tẹ́lẹ̀ gbẹ. Ẹ jẹ́ kí a sọ èyí gbangba, nítorí àwọn kan yóò fẹ́ kí a di gbogbo ẹ̀bi ru ojú ọjọ́. Ojú ọjọ́ gbé omi sókè, ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn ni ó gbẹ́ ọ̀nà tí omi gbà wọlé.

Ooru fúnra rẹ̀ ní iṣẹ́ ibi tí ó ń ṣe láìsí ọwọ́ iyọ̀ níbẹ̀. Máńgòrò fẹ́ àkókò gbígbẹ tí òru rẹ̀ tutù díẹ̀ kí ó tó tanná dáadáa. Bí ọyẹ́ kò bá wá bí ó ṣe yẹ, tí òjò àìròtẹ́lẹ̀ sì rọ̀ lé òdòdó lórí, òdòdó á dúdú, á rẹ̀ dànù. A kò ní pẹ́ lórí èyí, nítorí ní Òde Ùgbò iyọ̀ ni olórí ọ̀tá.

Àwọn kan láàrin àwọn òbí wa ti sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ tí kò kan wa ni à ń fà, pé apẹja ni wá, èso kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ Ìlàjẹ. Òótọ́ ni pé apẹja ni wá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: nígbà tí ìjì kò jẹ́ kí bàbá wọ òkun fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ni ìyá ń tà? Àgbọn ni, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni, ìbẹ́pẹ ni. Owó tí kì í pọ̀ ni, ṣùgbọ́n owó tí ó ń wá nígbà tí ti ẹja kò wá ni. Akọ̀wé owó ilé-kéú wa mọ̀ pé bí nǹkan ṣe rí rèé. Ìyá kan tí ọkọ rẹ̀ ti kú kò jẹ ilé-kéú ní kọ́bọ̀ fún ọdún mẹ́fà, igi àgbọn mẹ́rin àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ni ó ń san án. Omi gba ẹ̀yìn ilé náà. Ọmọ rẹ̀ tí ó ti ka Alùkùránì dé ìdajì kò wá mọ́. A gbọ́ pé ó ti tẹ̀lé ọkọ̀ lọ sí ojú òkun. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ igi fi kan ìwé ìròyìn ilé-kéú.

Àwọn mìíràn sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ wa ni ó fà á. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí a mọ ẹ̀ṣẹ̀ náà ní orúkọ. Iná gáàsì tí ilé-iṣẹ́ epo ń sun dànù ní Nàìjíríà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Òfin 1979 ti pàṣẹ pé kí ó kú ní oṣù kìíní 1984, ó sì ń jó títí di òní. Tiwa náà wà ńbẹ̀. Igi ẹ̀gbà, tí gbòǹgbò rẹ̀ dúró bí ẹsẹ̀ alákàn nínú ẹrẹ̀, ni Ọlọ́hun fi ṣe odi fún etí omi. Òun náà ni à ń gé tí a fi ń yan ẹja, nítorí iná rẹ̀ le, kò sì sí ẹni tí ó ń gbin òmíràn dípò. Ẹ má jẹ́ kí a na ìka sí àwọn tó wà lójú òkun nìkan.

Kì í ṣe àwa nìkan ni èyí ń bá jà. Ní ẹnu odò Mekong ní Vietnam, agbègbè kan wà tí ó ń jẹ́ Ben Tre, tí àgbọn rẹ̀ lókìkí. Ní 2016, àti ní 2020, òjò kò tó, odò fà, iyọ̀ òkun sì wọ inú ilẹ̀ jìnnà débi pé ó ba ọgbà èso jẹ́. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ kò jókòó. Wọ́n gbẹ́ kòtò, wọ́n tẹ́ ọ̀rá sínú rẹ̀, wọ́n sì tọ́jú omi dídùn síbẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Níbi tí ìjọba ti ṣe ilẹ̀kùn sí ẹnu ọ̀nà omi, wọ́n ń tì í nígbà tí iyọ̀ bá ń gòkè, wọ́n sì ń ṣí i nígbà tí omi dídùn bá pọ̀. Wọn kì í ṣe músùlùmí, bẹ́ẹ̀ wọ́n so ràkúnmí wọn.

Ó yẹ kí a bá ara wa wí pẹ̀lú, àwa olùkọ́. Ọmọ wa mọ nakhl, ó mọ rummān, ó mọ tīn àti zaytūn, ó lè kọ wọ́n sórí wàláà láìṣì. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò tíì fojú rí igi ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n bi í léèrè oṣù tí ọsàn ń tanná, yóò máa wo òkè. A kì í sọ fún un pé nārjīl ni Lárúbáwá ń pe àgbọn, pé Ìbn Batuta arìnrìn-àjò kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, ó sì fi èso rẹ̀ wé orí ènìyàn. A kì í sọ fún un pé Ìbn al-Awwam ará Seville, músùlùmí bíi tiwa, kọ odidi ìwé ńlá lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ọ̀rúndún kejìlá, ó sì sọ̀rọ̀ nípa igi eléso tí ó lé ní àádọ́ta nínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ wa àtijọ́ kò rí i bí ohun ìtìjú láti tẹ̀ ba kí wọ́n wo ìdí igi.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ìgbìmọ̀ ilé-kéú wa ń gbèrò láti gé àwọn igi àgbọn tí ó wà ní etí omi, kí wọ́n da iyanrìn sí ibẹ̀, kí wọ́n sì kọ́ kíláàsì méjì. A mọ̀ pé èrò rere ni. Kíláàsì wa kò tó, àwọn ọmọ mìíràn ń jókòó síta. Ṣùgbọ́n a kò fara mọ́ ọn, a sì fẹ́ kí ó wà lákọsílẹ̀ pé a kò fara mọ́ ọn. Owó àgbọn wọ̀nyẹn ni a fi ń ra wàláà àti aṣọ fún àwọn ọmọ òrukàn. Ibi tí wọ́n wà ni ilẹ̀ wa rẹlẹ̀ jù. Ilé tí a bá kọ́ síbẹ̀, òkun ni yóò kọ́kọ́ jogún rẹ̀. Ìhà mọ́sálásí, níbi tí ilẹ̀ ti ga díẹ̀, ni kí a kọ́ kíláàsì sí, kódà bí yóò bá gba ibi tí ọkọ̀ àwọn àlejò ń gúnlẹ̀ sí níwájú wa. A kò sọ pé gbòǹgbò àgbọn lè dá òkun dúró, nítorí kò lè ṣe é nìkan. Ẹ̀gbà ni kí a gbìn síwájú rẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ọmọ ẹ̀gbà sì wà lọ́fẹ̀ẹ́, ó ń léfòó kiri lójú omi, ọmọdé lè ṣà á.

Ti ọsàn ńkọ́? A lè ní ọsàn Ùgbò lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí ti àtijọ́ tí a kàn ń ju kóró sílẹ̀. Orí ebè gíga ni kí a gbìn ín sí, kí gbòǹgbò rẹ̀ má bàa tètè dé ibi tí iyọ̀ wà, kí a sì máa fi omi òjò tí a gbè láti orí páànù bomi rin ín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn tí ń ta ọmọ ọsàn máa ń gé ẹ̀ka ọsàn dídùn lé orí ìdí ọsàn mìíràn. Ẹ bi wọ́n léèrè irú ìdí tí wọ́n lò, nítorí èyí tí wọ́n ń pè ní Cleopatra ń fara da iyọ̀ ju òmíràn lọ. NIHORT tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1975 wà fún irú ìbéèrè báyìí, NIFOR lẹ́bàá Benin sì wà fún ti àgbọn. Akẹ́kọ̀ọ́jáde wa kan dábàá pé kí a gbin dàbínù, ó tilẹ̀ mú kóró rẹ̀ bọ̀ láti Mọ́kà. Ọlọ́hun yóò san án lẹ́san. Dàbínù ń fara da iyọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí ojú ọjọ́ gbẹ nígbà tí èso rẹ̀ bá ń pọ́n, òjò tiwa yóò sì rà á mọ́ orí igi. Kí ó gbin àgbọn fún wa dípò rẹ̀.

Àwọn ọmọ kíláàsì kejì ti ń bu omi kànga wò ní gbogbo Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù. Wọ́n ń sè é, wọ́n ń wọn ohun tí ó kù, wọ́n sì ń kọ ọ́ sínú ìwé kan tí ó wà lọ́dọ̀ ọ̀gá ilé-kéú. A ti ka àwọn igi àgbọn náà pẹ̀lú: mẹ́tàlá ni wọ́n, mẹ́ta kò so mọ́, mẹ́wàá ń so. Ìpàdé ìgbìmọ̀ àti òbí yóò wáyé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ àkọ́kọ́ tí ó bá tẹ̀lé Iléyá. Ìwé omi kànga náà yóò wà lórí tábìlì. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí a gé àgbọn, kí ó jọ̀wọ́ kọ́kọ́ kà á.